E. coli, Deinococcus àbí Bacillus inú irú: èwo ni kí ẹ yàn fún iṣẹ́ ìwádìí ìtànṣán UV?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí bí bakitéríà ṣe ń tún DNA rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí ìtànṣán UV bá ti bà á jẹ́, ì báà jẹ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, ní KWASU ní Malété tàbí ní Landmark ní Òmù-Àrán, orúkọ Deinococcus radiodurans ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Òkìkí kòkòrò náà kàn, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ a kì í tìtorí òkìkí yan kòkòrò fún iṣẹ́ láàbù. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín. Irú àtúnṣe wo gan-an lẹ fẹ́ rí? Ooru yàrá yín ń lọ sókè tó mélòó lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà? Bí wọ́n bá mú iná lọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ohun tó wà nínú íńkúbétọ̀? Ìdáhùn yín ló máa sọ èyí tó bá yín mu nínú mẹ́ta tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níbí: E. coli, Deinococcus, àti spore, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì líle tó ń sùn, ti Bacillus subtilis, kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú tí à ń fi se ọbẹ̀.

Ohun tí UV ń ṣe sí DNA

Gílóòbù UV tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú láàbù ń tan ìtànṣán tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 254 nm, DNA sì máa ń fa irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ mu dáadáa. Níbi tí thymine méjì (thymine jẹ́ ọ̀kan lára lẹ́tà mẹ́rin tí a fi kọ DNA) bá ti jókòó ti ara wọn lórí okùn kan náà, ìtànṣán á lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ohun tí à ń pè ní dímà. Ó lè jẹ́ thymine àti cytosine, tó jẹ́ lẹ́tà mìíràn, ó sì lè jẹ́ cytosine méjì. Irú ìsopọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní 6-4: kò pọ̀ tó dímà, ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ DNA jù ú lọ. Okùn DNA kò já; kókó ló ta. Bí ẹ́ńsáìmù tó ń da DNA kọ bá dé ibi kókó náà, á dúró gbagidi, bí kókó bá sì pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì náà á kú.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ìtànṣán gamma, tó máa ń já okùn méjèèjì. Àwọn nọ́ńbà ńlá tí ẹ ń kà nípa Deinococcus, bíi 5,000 Gy (gray, òṣùwọ̀n ìtànṣán gamma) tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa á nígbà tó jẹ́ pé 5 Gy lè pa ènìyàn, ti gamma ni wọ́n. J/m² (joule lórí mítà onígun mẹ́rin kan) ni a fi ń wọn UV. Ìwé iṣẹ́ àṣekágbá tó bá kó Gy àti J/m² pọ̀ nínú gbólóhùn kan bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n, olùyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ kò ní kà á jìnnà.

E. coli: ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ń jí

E. coli ní ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ photolyase. Nínú òkùnkùn, á lẹ̀ mọ́ dímà, kò sì ní ṣe nǹkan kan títí ìmọ́lẹ̀ á fi kàn án. Ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín nǹkan bí 300 sí 500 nm ló ń lò, aláwọ̀ búlúù sì wà nínú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ti dé, á tú kókó náà láìgé okùn, láìpààrọ̀ lẹ́tà kankan. Albert Kelner ló fi hàn ní 1949, pẹ̀lú Streptomyces griseus, pé ìmọ́lẹ̀ tí a ń fojú rí lè gba kòkòrò tí UV ti fẹ́ pa là. Aziz Sancar, tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ́ńsáìmù yìí àti lórí ọ̀nà kejì tó tẹ̀ lé e, wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2015. Tomas Lindahl àti Paul Modrich ni méjì yòókù.

Ọ̀nà kejì kò nílò ìmọ́lẹ̀. Àwọn purotéènì UvrA àti UvrB máa ń yẹ DNA wò kiri títí wọn á fi bá ibi tó wú. UvrC á gé okùn tó bàjẹ́ lápá méjèèjì kókó náà, UvrD á sì yọ ègé tí gígùn rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà 12 tàbí 13 kúrò. DNA polymerase I á wo okùn kejì tí kò bàjẹ́, á kọ ohun tó sọnù padà, ligase á sì lẹ ojú rẹ̀ pọ̀. Bí ahunṣọ bá gé ibi tí iná jó lára òfì, tó sì tún ibẹ̀ hun nípa wíwo bátànì apá kejì, irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn.

Bí dímà bá wá pọ̀ ju agbára ọ̀nà méjèèjì lọ, purotéènì RecA á mú kí purotéènì LexA gé ara rẹ̀, nǹkan bí 40 jíìnì tí LexA ti tì pa á sì ṣí. Ìdágìrì yìí ni wọ́n ń pè ní SOS. Nínú ohun tó ń jáde ni Pol V, ẹ́ńsáìmù kan tó ń da DNA kọ, tó máa ń fi tipátipá kọjá lórí kókó, tó sì máa ń fi lẹ́tà tí kò yẹ sí i nígbà mìíràn. Ìdí nìyí tí E. coli tó yè bọ́ lọ́wọ́ UV fi máa ń ní àyípadà jíìnì. Bí ẹ bá fẹ́ ka àyípadà yẹn, ẹ da sẹ́ẹ̀lì tó yè sórí agar tó ní oògùn apakòkòrò rifampicin 100 µg/ml, kí ẹ sì ka iye tó hù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í nìyí: ẹ̀yà E. coli tó wà nínú fírísà láàbù lè jẹ́ DH5α tàbí HB101, nítorí àwọn ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ plasmid (òrùka DNA kékeré tó dá dúró). Jíìnì recA àwọn méjèèjì ti bàjẹ́ látilẹ̀. Bí ẹ bá fi wọ́n ṣe kòkòrò ìfiwéra, ìwọ̀n UV kékeré ló máa pa wọ́n, ẹ ó sì rò pé gílóòbù yín lágbára tàbí pé Deinococcus yín le ju bó ṣe le lọ. MG1655, ẹ̀yà tí recA rẹ̀ kò bàjẹ́, ni kí ẹ béèrè fún. DH5α wúlò, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ẹni tí kò ní RecA, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí E. coli tí ara rẹ̀ pé.

Deinococcus: ẹni tí kò bìkítà fún ìmọ́lẹ̀

Ní 1956 ni Arthur Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Corvallis, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, rí kòkòrò pupa kan nínú ẹran inú agolo tí wọ́n ti fi gamma tàn, tí ẹran náà sì tún bàjẹ́. Micrococcus ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ní 1999 ni wọ́n ka gbogbo DNA rẹ̀ tán: nǹkan bí mílíọ̀nù 3.28 lẹ́tà, lórí krómósómù méjì, megaplasmid kan àti plasmid kékeré kan.

Ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé Deinococcus radiodurans kò ní photolyase rárá. Ẹ gbé e sí òkùnkùn, ẹ gbé e sí ojú fèrèsé, iye tó máa yè kò ní yàtọ̀. Síbẹ̀ ó fi nǹkan bí ìlọ́po ogún le ju E. coli lọ lábẹ́ UV. Ìwọ̀n 500 J/m² máa ń ta nǹkan bí 5,000 dímà sára ẹ̀dà DNA rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó máa kú nínú wọn.

Ọ̀nà ìgékúrò méjì ló ní. Èkíní ni UvrABC, bíi ti E. coli. Èkejì ni UVDE, ẹ́ńsáìmù kan tó ń lo máńgánísì, tó máa ń la okùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó kí àwọn yòókù lè bá ibẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá pa ọ̀kan nínú méjèèjì, kòkòrò náà kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ohun kan kù. Bí ẹ bá pa méjèèjì, UV á máa pa á ní ìwọ̀n tí kò tó nǹkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ẹ̀yà tí a ti pa jíìnì kan ṣoṣo, tí kò sì rí ìyàtọ̀, kò ṣe àṣìṣe; bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìgbà tí okùn bá já wẹ́wẹ́ ni iṣẹ́ tó lókìkí jù máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ to aṣọ tó ti ya jálajàla pọ̀ gbọ́dọ̀ ní aṣọ irú rẹ̀ mìíràn tó ń wò. Deinococcus ní i: ẹ̀dà DNA mẹ́rin sí mẹ́wàá ló máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan. Ní 2006, Ksenija Zahradka, Miroslav Radman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé ègé kọ̀ọ̀kan máa ń fi ègé mìíràn tó bá a dọ́gba ṣe àwòkọ, á gùn sí i, títí okùn gígùn tó bára mu á fi rí ara wọn so mọ́, kí RecA tó wá parí iṣẹ́. Máńgánísì tó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ náà ń ran án lọ́wọ́, nítorí ó ń dáàbò bo purotéènì; ẹ́ńsáìmù tó fẹ́ tún DNA ṣe kò lè ṣe é bí òun fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́.

Kò ní Pol V, nítorí náà UV kì í fi bẹ́ẹ̀ mú àyípadà jíìnì wá nínú rẹ̀. Bí àkòrí yín bá jẹ́ àyípadà jíìnì, kòkòrò tí kò yẹ lẹ mú yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti wàhálà rẹ̀ ní Ìlọrin. Ìwọ̀n ooru 30°C ló fẹ́. Íńkúbétọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ atutù kò lè tutù ju yàrá tó wà lọ, yàrá láàbù sì lè kọjá 35°C ní Èrèlé àti Ẹrẹ́nà. Ẹ ó tẹ 30 sí ojú rẹ̀, inú rẹ̀ á sì wà ní 36. Ẹ fi tẹmọ́mítà tiyín sínú rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ. Ó tún lọ́ra: kólónì rẹ̀ nílò ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó ṣeé kà, nígbà tí E. coli ń jáde ní òru ọjọ́ kan. TGY ni oúnjẹ rẹ̀: tryptone 5 g, glucose 1 g, yeast extract 3 g, agar 15 g, nínú lítà omi kan. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa ń dì mọ́ra ní méjìméjì àti mẹ́rinmẹ́rin, nítorí náà kólónì kan lè ti ara sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin wá, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbọ́dọ̀ kú kí kólónì náà tó pòórá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.

Àwọn kan máa ń ronú pé àwọn lè rí Deinococcus nínú eruku ọyẹ́. Kì í ṣe àlá lásán: wọ́n ti rí Deinococcus deserti nínú iyanrìn Sàhárà ní Mòrókò àti Tùnísíà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kólónì pupa ló jẹ́ Deinococcus. Kocuria, Methylobacterium àti yeast Rhodotorula náà pupa. Títí tí ẹ bá fi ka jíìnì 16S rRNA rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń dá irú bakitéríà mọ̀, «bakitéríà pupa tí kò kú sí UV» ni kí ẹ máa pè é.

Bacillus: ẹni tó sùn títí ewu fi kọjá

Nínú spore Bacillus subtilis, àwọn purotéènì kéékèèké kan máa ń bo DNA pinpin, wọ́n á sì yí bó ṣe ká padà. Nítorí ìyẹn, nígbà tí UV bá kàn án, kókó mìíràn ló máa ń ta, tí wọ́n ń pè ní spore photoproduct, dípò dímà. Spore kò tún nǹkan kan ṣe nígbà tó ń sùn. Ìgbà tó bá jí, tó fẹ́ hù, ni ẹ́ńsáìmù SP lyase á tú kókó náà nínú òkùnkùn, pẹ̀lú S-adenosylmethionine dípò ìmọ́lẹ̀. UvrABC náà máa ń bá a ṣe é. Àpapọ̀ rẹ̀ ni pé spore ń fi ìlọ́po 5 sí 50 le ju sẹ́ẹ̀lì Bacillus tó ń dàgbà lọ.

Ohun tó mú un wuyì fún wa ni pé ìdákú iná kì í pa á lára. Ẹ pèsè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè lò ó fún gbogbo ọdún náà. Ẹ gbìn ín sórí nutrient agar tí ẹ fi máńgánísì díẹ̀ sí, ní 37°C fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ fi omi tútù tí ẹ ti pa kòkòrò inú rẹ̀ há a kúrò, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ sì gbé e sínú omi 80°C fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí èyí tí kò tíì di spore lè kú. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù phase-contrast, spore á máa dán. Bí sẹ́ẹ̀lì dúdú bá ṣì pọ̀, ẹ tún un fọ̀. Òkú sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣẹ́kù máa ń gba UV tó yẹ kó kan spore.

Ẹ lè yọ ọ́ láti inú irú tí ẹ rà lọ́jà, ṣùgbọ́n Bacillus mìíràn wà níbẹ̀. B. cereus, tó ń fa àìsàn inú, lè bá a rìn. Lórí agar tó ní ẹyin, B. cereus máa ń yọ funfun yí ká kólónì rẹ̀, B. subtilis kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí owó bá wà, ẹ̀yà 168 láti ilé ìpamọ́ kòkòrò ló dára jù.

Halobacterium tó ń gbé inú omi iyọ̀ náà le sí UV, ó sì ní photolyase, àmọ́ kì í ṣe bakitéríà, oúnjẹ rẹ̀ sì fẹ́ iyọ̀ tó lé ní 200 g nínú lítà kan. A kò dábàá rẹ̀ fún iṣẹ́ oṣù mẹ́rin.

| Ohun tí à ń wò | E. coli MG1655 | Deinococcus radiodurans (ẹ̀yà R1) | Spore B. subtilis |
|---|---|---|---|
| Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń tún un ṣe? | Bẹ́ẹ̀ ni | Rárá | Kókó inú spore kò nílò rẹ̀ |
| Ooru | 37°C | 30°C | 37°C |
| Ìgbà tí a ó kà á | Ọjọ́ 1 | Ọjọ́ 2–3 | Ọjọ́ 1 |
| Ìwọ̀n UV láti fi bẹ̀rẹ̀ (J/m²) | 0, 10, 20, 40, 60, 80 | 0, 200, 400, 600, 800, 1000 | 0, 100, 200, 400, 600 |
| Àyípadà jíìnì | Ó pọ̀ | Kò fi bẹ́ẹ̀ sí | Ó wà |

Níbi gílóòbù ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù

Ìwọ̀n UV jẹ́ agbára gílóòbù níbi tí àwo wà, ní W/m², ní ìlọ́po iye ìṣẹ́jú àáyá. Mítà UV sábà máa ń fúnni ní µW/cm². 100 µW/cm² jẹ́ 1 W/m². Ní 1 W/m², 40 J/m² gba ìṣẹ́jú àáyá 40, 600 J/m² sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yíyàn yín: bí gílóòbù bá ń fúnni ní 5 W/m², ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni 10 J/m² fún E. coli, kò sì sí ọwọ́ tó lè ṣí àwo kó sì dé e láàárín àsìkò yẹn láìṣì í. Ẹ gbé gílóòbù jìnnà fún E. coli, kí ẹ sì sún un mọ́ àwo fún Deinococcus, kí ẹ sì tún un wọ̀n ní ibi kọ̀ọ̀kan. Mítà lè wà ní ẹ̀ka físíìsì bí tiyín kò bá ní.

Tan gílóòbù fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó lò ó. Àwọ̀ búlúù tí ẹ ń rí kọ́ ni UV. Gílóòbù àtijọ́ lè máa tàn búlúù nígbà tí 254 nm rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Bí fóltéèjì bá ń lọ sókè sódò, tàbí tí ẹ ti orí iná bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀ láàárín iṣẹ́, agbára rẹ̀ á yí padà: ẹ lo stabilizer, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹ bá parí. Gílóòbù aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń wo owó ayédèrú, 365 nm ni. Kò ní ṣe iṣẹ́ yìí.

Ṣí ọmọrí àwo. Gíláàsì àti ike kì í jẹ́ kí 254 nm kọjá. Ẹ fọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì gbé e sínú omi iyọ̀ 0.85%, nítorí oúnjẹ aláwọ̀ yẹn á gba UV kó tó dé ara sẹ́ẹ̀lì. Omi náà kò gbọ́dọ̀ jìn ju mílímítà mẹ́ta lọ, sẹ́ẹ̀lì kò sì gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù 10 lọ nínú mílílítà kan, ẹ sì máa rọra mì ín. Bí ìlà yín lórí gíráàfù bá ń sọ̀kalẹ̀ dáadáa tó sì ṣàdédé tẹ́jú, sẹ́ẹ̀lì tó fara pamọ́ sẹ́yìn òmíràn ló sábà ń fà á, kì í ṣe ẹ̀yà tuntun tó le.

Fún E. coli, láti ìgbà tí ẹ bá ti tan UV ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti di ọ̀tá iṣẹ́. Ẹ ti fèrèsé, ẹ lo gílóòbù pupa, ẹ fi fọ́ìlì di àwo. Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn sí méjì: ìdajì wà nínú fọ́ìlì, ìdajì wà lábẹ́ iná funfun fún wákàtí kan, méjèèjì nínú ìwọ̀n ooru kan náà. Ẹ má gbé e sínú oòrùn gangan. Ooru àti UV inú oòrùn á pa àwọn kan, ẹ kò sì ní mọ ohun tó pa wọ́n.

Èwo ni kí ẹ mú?

Fún iṣẹ́ oṣù mẹ́rin nínú láàbù tí iná rẹ̀ kò dúró, E. coli MG1655 ni àkọ́kọ́ tí a máa yàn. Fọ́ìlì, gílóòbù pupa àti iná funfun á fi àtúnṣe hàn yín láàárín ọjọ́ méjì, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì máa ń tóbi débi pé kò nílò àlàyé gígùn. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí omi tàbí oúnjẹ, spore Bacillus ni kí ẹ mú. Deinococcus jẹ́ ti ẹni tó ní íńkúbétọ̀ tó lè tutù, tó ti ní R1 lọ́wọ́, tí ìbéèrè rẹ̀ sì jẹ́ ti UvrABC àti UVDE. Bí ẹ bá lè ṣe Deinococcus àti E. coli lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iṣẹ́ tó dùn ún wò jù nìyẹn, nítorí ìmọ́lẹ̀ kan náà á jí ọ̀kan, kò sì ní ṣe nǹkan kan sí èkejì.

Ẹ wọ ìbojú polycarbonate àti ìbọ̀wọ́, nítorí UV 254 nm máa ń jó ojú láìjẹ́ kí ènìyàn mọ̀ títí di wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ má fi gílóòbù yẹn kan náà fọ tábìlì iṣẹ́. Ohun tí ẹ ti fi oṣù mélòó fi hàn pé UV kì í tètè pa ló wà lórí rẹ̀. Ẹ fi búlíìṣì nù ún: bí ìgò bá kọ 3.5%, ìwọ̀n kan rẹ̀ sí omi ìwọ̀n mẹ́fà, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó nù ún kúrò. Gbogbo àwo gbọ́dọ̀ wọ autoclave ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15 kó tó lọ sí ààtàn.